Káàdì Tí Mo Pè Ní Ẹrú

Ẹnu mi yìí ló máa ń kó bá mi. Lọ́dún tí wọ́n ń tún títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ṣe, dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá mi ní ọ̀fun, ó sì ti sọ fún wa pé ohùn wọn lè má padà bọ̀ sípò. Màmá mi ò bẹ̀rù ọ̀bẹ, orin ló ń dùn wọ́n. Wọ́n ní kí n gba ohùn àwọn sílẹ̀ kí Mọ́ńdè tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà tó dé, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn méje tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Káàdì ohùn tí mo fi ń gba orin sínú kọ̀ǹpútà, máìkì mẹ́rin péré ló ń gbà. Mo sì fẹ́ kí ìyá kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní máìkì tirẹ̀, kí n lè yọ ohùn màmá mi sọ́tọ̀ gedegbe. Ni mo bá yá káàdì míì lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù wa ní àdúgbò Abraham Adésànyà, bàbá kan tó jẹ́ ọmọ ìlú Lakowe, tí wọ́n ti rà á tipẹ́ fún ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Bàbá tẹ̀ lé káàdì wọn wá, wọ́n jókòó tì í.

Wọ́n bi mí bí méjèèjì yóò ṣe ṣiṣẹ́ pọ̀. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo ní, “A máa fi wáyà so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan á jẹ́ ọ̀gá, òun lá máa ka àkókò. Èkejì á jẹ́ ẹrú, á máa tẹ̀ lé e. Tiyín ni ẹrú, sà.” Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé káàdì ṣe kọ ọ́, mi ò purọ́.

Bàbá dìde. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Lakowe dó, kò sẹ́ni tó sìnrú rí nínú ilé àwọn, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí àwọn fowó ara àwọn rà. Mo fi tiwọn ṣe ọ̀gá, ó tì. Ọjọ́ ti pẹ́ lórí rẹ̀, ó ń ka àkókò bí ẹni tó ń tòògbé, gbogbo ohùn ń já. Inú bí mi. Mo ní, “Káàdì ni, sà, kì í ṣe oyè.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé yìí,” ni bàbá wí, wọ́n ti ń yọ wáyà.

Màmá mi ló dá sí i, ohùn wọn ti ń há nígbà náà. “Bàbá, ẹ jókòó. Ìbejì ni wọ́n. Ti ọmọ mi ni Táyé, òun ló ń lọ tọ́ ayé wò. Tiyín ni Kẹ́hìndé tó rán an níṣẹ́.”

Bàbá ronú. “Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n,” ni wọ́n wí, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn ti wáyà padà. Kò pẹ́ tí ìyàwó wọn gbé ẹ̀wà ìbejì wá, tí wọ́n bu ṣíbí kọ̀ọ̀kan síwájú káàdì méjèèjì. Ta ni mí tí n óò ní kí wọ́n gbé e kúrò? Àwọn ìyá kọrin mẹ́fà, ọ̀kan ò já nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo wà níbi iṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone nígbà tí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí. Ohùn ọkùnrin kan tó há kẹkẹ ní, “Ṣé o ti jẹun?”

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣi nọ́ńbà pè,” mo já a.

Ó tún pè. “Fóònù nọ́ọ̀sì ni mo yá. Èmi ìyá rẹ ni.”

Omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé mi ò tíì jẹun.