Ìgò Wáìnì tí Mo Gbé Lọ Síbi Wòlímọ̀ Alhaja

Mo rántí ìgbà tí mo jẹ́ ayálégbé lọ́dọ̀ Alhaja kan lẹ́yìn Ọjà-Ọba, n'Ílọrin. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sílùú náà. Alhaja kò bí mi, ṣùgbọ́n bí òjò bá ṣú nígbà tí mo wà níléèwé, wọ́n á ti bá mi ká aṣọ tí mo sá. Lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-kéwú, tí àwọn ọmọ kéékèèké sì di ẹlẹgbẹ́ wọn lórí ẹní. Nígbà tí wọ́n parí Kùránì, tí wọ́n dá ọjọ́ wòlímọ̀, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo kà á.

Mo ní ẹ̀bùn tèmi gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Wáìnì tí kò ní ọtí nínú, èyí tó ń hó, tí ìdérí rẹ̀ ń dún gbàù, kì í ṣe àjèjì níbi ayẹyẹ àwọn Mùsùlùmí, mo sì fẹ́ ra èyí tó dára jù. Mo lọ bá igbákejì ọ̀gá iléèwé wa, ọkùnrin tó mọ nǹkan mímu dénú. Ó ní kí n wá ìgò tó wúwo, tí ìdí rẹ̀ jìn wọnú, tí wọ́n fi wáyà so ìdérí rẹ̀. Kí n má gba onídèérí ike. Mo dúpẹ́ púpọ̀. N kò sọ ẹni tí mo fẹ́ gbé e fún, n kò sì sọ pé èyí tí kò ní ọtí ni mò ń wá.

Ọmọbìnrin tó ń tajà nítòsí Ọ̀fà Garage ní, "Àǹtí, ta lẹ fẹ́ gbé e fún? Ẹ jẹ́ n bá yín mú u." Mo ní mo mọ ohun tí mò ń wá. Èmi tí mò ń pariwo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ka ìbéèrè kí wọ́n tó dáhùn, n kò ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lẹ́yìn tí àwọn alfa ṣàdúà tán, Alhaja ní tèmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Alhaja tọ́ ọ wò, wọ́n ní:

"Ó ń ta díẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ ó dùn. Alhamdulilai. Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sáyé rẹ, ọmọ mi."

Mo gbé ìgò náà láti bu díẹ̀ sí i fún wọn, ojú mi sì bọ́ sórí ìlà kékeré kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọtí gidi ni. Ìdajì ṣì kù nínú ife ọwọ́ wọn, gbólóhùn kan péré ló sì kù kí n sọ. Mo dákẹ́. Mo ń wò wọ́n títí wọ́n fi mu ún tán, mo wá ní ìgò náà ti gbóná, kí n gbé e lọ sínú fíríìjì. Inú gọ́tà ni mo dà á sí.

Mo bi olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù wa léèrè, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ó ní ẹni tí kò mọ̀ kò lẹ́ṣẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Àmọ́ ẹni tó mọ̀, tó dákẹ́ ńkọ́?" Mo kó ìwé mi, mo ní aago kíláàsì mi ti lù.

Lẹ́yìn ìgbà náà, lọ́dọọdún tí Iléyá bá dé, mo máa ń ra èyí tí kò ní ọtí fún Alhaja. Wọ́n á mu ún, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní kò dà bíi ti wòlímọ̀ àwọn. Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n á tún sọ fún àlejò pé ọmọ Ìgbómìnà yìí kò lè fún àwọn ní ohun tí kò dára.

Alhaja ti lọ báyìí. Mo máa ń tu ara mi nínú pé nítorí wọn ni mo ṣe dákẹ́, kí ọjọ́ ayọ̀ wọn má bàa bàjẹ́. Irọ́ ni. Ká ní mo sọ ọ́ ni, wọn ì bá bínú, wọn ì bá fọ ẹnu, wọn ì bá tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, wọn ì bá sì ti dárí jì mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Orúkọ rere tí mo ní lẹ́nu wọn ni mò ń dáàbò bò. Wọ́n gbé orúkọ náà lọ sí sàárè, n kò sì rí ẹni tí n ó bẹ̀ mọ́.