Igi Àlejò ní Kòtò Yangí

Ní gbogbo Pápá Àjàó, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Tìrìmísíyù ló ń tún katapílà ṣe, nítorí kì í dúró kí èèyàn béèrè kó tó sọ ọ́. Mẹkáníìkì ni ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń wa yangí lẹ́yìn Muṣin, yangí pupa tí wọ́n fi ń tẹ́ ọ̀nà fún àwọn ilé tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Sùúrùlérè lọ́dún 1956. Bó bá ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tòun ti epo dúdú lára ṣòkòtò, kì í gba ẹ̀yìnkùlé. Ojú títì ni yóò gbà, yóò sì máa rìn jẹ́jẹ́, kí ẹni tí kò tíì rí i lè rí i. Sàúdátù ìyàwó rẹ̀, tí ń fọ ṣòkòtò náà, kò tíì rí ohun tó ṣeé fi yangàn níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Iwájú katapílà ni irin fífẹ̀ kan wà tó fi ń ti yẹ̀pẹ̀, bíléèdì ni wọ́n ń pè é. Wáyà ló ń gbé e sókè. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀, mẹkáníìkì á ní kí wọ́n fà á sókè, á ṣe bísímílà, á sì rá wọ abẹ́ irin tó wúwo ju gbogbo ìdílé rẹ̀ lọ. Wáyà ti jẹrà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Wọ́n á tún máa rá wọbẹ̀, wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ìgbàgbọ́.

Ọ̀jẹ̀túndé, mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀, ti fi èjìká sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó kan Tìrìmísíyù, ìka àárín ọwọ́ òsì rẹ̀ ló bá a lọ. Ọ̀gbẹ́ni Jethro, fóòmàn wọn, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti Yaba tí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ kì í dọ̀tí kódà nínú kòtò, mú gègé, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Àìṣọ́ra." Ìwé náà kò ní orúkọ mìíràn fún wáyà tó jẹrà.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá tó bí Tìrìmísíyù. Bí ọgbẹ́ ìka ṣe jinná, ó kó irinṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó gé ìtì ìrókò mẹ́rin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n sábẹ́ bíléèdì kó tó rá wọlé. Bí wáyà bá já, igi á gbà á. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí. Ṣàíbù, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí katapílà kan náà, ló rẹ́rìn-ín jù. Ó ní ọkùnrin tó ń bẹ̀rù irin, kó lọ máa ta bọ́tìnnì. Ọ̀sán ọjọ́ kan, wáyà já mọ́ Ṣàíbù yìí gan-an lórí. Bíléèdì já wálẹ̀, gbì! Orí ìrókò ló dúró sí. Ṣàíbù rá jáde, yangí kún ẹnu rẹ̀, kò sí ohun mìíràn tó ṣe é. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Bí ọgbọ́n ṣe wọ ilé-iṣẹ́ náà nìyẹn, àmọ́ kò pẹ́ níbẹ̀. Jethro ló ròyìn igi náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Òyìnbó kan tí ń yẹ ibi iṣẹ́ wò, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní wolé-wolé katapílà, wá láti Èkó. Ó wo igi, ó mi orí, ó bọ Tìrìmísíyù lọ́wọ́, ìyẹn ọwọ́ tí ìka rẹ̀ pé. Wọ́n ya fọ́tò. Tìrìmísíyù gbé ìtì igi mọ́ àyà bí ìyá ìkókó, kò sì wẹ ọwọ́ tí òyìnbó bọ̀ títí ó fi dé ilé.

Lọ́jọ́ kejì, Jethro ra ọ̀dà. Ó ní kí wọ́n kun igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní funfun, kí wọ́n fi pupa sí etí wọn. Nígbà tó gbẹ, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ ní sítóò, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, kí la ó wá máa fi ti bíléèdì?" Ṣàíbù béèrè.

"Ẹ wá nǹkan mìíràn fi tì í. Àbí ẹ fẹ́ kí òyìnbó padà wá bá epo lára igi tí a fi gba orúkọ?"

Tìrìmísíyù ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri ọ́fíìsì Jethro, ó sì ti ń wá ọ̀nà tí èkejì yóò fi wà níbẹ̀. Kí a sì má purọ́, ọ̀rọ̀ náà kò jọ ọ́ lójú rárá. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ilé tirẹ̀, abọ́ tánganran mẹ́fà wà níbẹ̀, olódòdó búlúù, tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹun nínú wọn láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Abọ́ àlejò ni. Òun àti Sàúdátù àti Àràmídé ọmọ wọn ń jẹun nínú abọ́ tí ẹnu rẹ̀ ti sán. Ilé ni a sáà ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tó bá dára, àlejò ló ni í.

"Ṣàíbù, ṣe sùúrù," ló wí. "Òyìnbó ò ní pẹ́ dé."

Oṣù mẹ́ta kọjá, òyìnbó kò dé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló ṣẹlẹ̀. Òfìfo dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì ni Tìrìmísíyù fi ti bíléèdì. Ó ń rá jáde lọ́wọ́, ó ti yọ orí, ó ti yọ àyà, nígbà tí wáyà já. Dúrọ́ọ̀mù di pẹlẹbẹ bí agolo mílíìkì tí mọ́tò gùn. Bíléèdì gúnlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ ní ojú títì.

Wọ́n fi irin gbé bíléèdì sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n lè kì sábẹ́ rẹ̀ kó má tún já lulẹ̀. Ṣàíbù sáré lọ sí sítóò. Jethro mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó wo Ṣàíbù láti òkè délẹ̀, ó wo epo tó wà ní ọwọ́ rẹ̀.

"Nu ọwọ́ rẹ ná," ló wí.

Ṣàíbù kò nu nǹkan kan. Ó fi èjìká fọ́ ilẹ̀kùn.

Igi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fa Tìrìmísíyù yọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti lọ. Ní ọsibítù, wọ́n gé e lókè ọrùn ẹsẹ̀. Kí egbò náà tó jinná, ọ̀dà tuntun ti gbẹ lára igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ti padà sórí pẹpẹ. Jethro sì ti kọ tirẹ̀ sínú ìwé: "Àìṣọ́ra. Ó kọ̀ láti lo igi tí ilé-iṣẹ́ pèsè."

Lọ́jọ́ tí Tìrìmísíyù dé ilé, tòun ti igi tó fi ń tilẹ̀ lábíyá, Sàúdátù gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Abọ́ olódòdó búlúù ló gbé e sí.

"Ta ni àlejò?" ó béèrè.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Àràmídé. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, ẹ sì padà wá. Àlejò wo la tún ń dúró dè?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló bọ́. Ojú tì í. Gbogbo ọjọ́ tó fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, Jethro ló ń bú. Ní ẹ̀gbẹ́ abọ́ yìí ló ti mọ̀ pé ẹnu òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn sítóò, òun ló sì pa á dé.

Ẹlẹ́sẹ̀ kan kò lè rá wọ abẹ́ katapílà. Ilé-iṣẹ́ ṣàánú, wọ́n fi í ṣọ́ sítóò. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìwé dé pé wolé-wolé katapílà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Jethro gbé agolo ọ̀dà fún un.

"Tún wọn kùn. Bí epo bá kan èyíkéyìí nínú wọn, máa lọ sílé. Wàá wo ẹni tó máa gba ẹlẹ́sẹ̀ kan síṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Àràmídé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, kò sì sí ibi iṣẹ́ mìíràn tí bàbá rẹ̀ yóò lọ. Ó jókòó ti agolo ọ̀dà náà títí di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí Ṣàíbù ń yí òfìfo dúrọ́ọ̀mù kọjá níwájú sítóò.

"Níbo lò ń yí i lọ?"

"Abẹ́ bíléèdì, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá ní kí katapílà ti máa ṣiṣẹ́ kí àlejò tó dé."

Tìrìmísíyù ṣí aṣọ. Ẹ̀rù ń bà á. "Wá kó igi," ló wí. "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Má sì nu ọwọ́."

Nígbà tí Ṣàíbù lọ tán, ọ̀dà ṣì wà nínú agolo. Tìrìmísíyù kò fẹ́ fi ọ̀dà ilé-iṣẹ́ ṣòfò.

Òyìnbó dé lágogo mọ́kànlá. Jethro mú un tààrà lọ sí sítóò, ó fi ìka méjì mú etí aṣọ, ó ká a kúrò bí ẹni tó ń ṣí ojú ìyàwó. Bàtà iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà lórí pẹpẹ, ti ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n fi pupa sí etí rẹ̀.

"Kí nìyí?" Jethro béèrè.

"Bàtà mi ni, ọ̀gá. Mo tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ wa. Láti ọjọ́ náà, epo kò kàn án mọ́."

Òyìnbó ní kí Jethro túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Jethro, tí gẹ̀ẹ́sì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì dé ibì kan tí òyìnbó fi wo bàtà, tó wo ibi tí ẹsẹ̀ òsì yẹ kó wà lára Tìrìmísíyù, tó sì béèrè ibi tí igi wà. Tìrìmísíyù gbé igi abíyá rẹ̀ sókè, ó nà án sí kòtò.

Katapílà dúró níbẹ̀, wáyà rẹ̀ já, ó ń fì nínú afẹ́fẹ́. Bíléèdì jókòó sórí ìrókò mẹ́rin tí epo ti sọ di dúdú. Ṣàíbù wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣépè fún wáyà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ síta, méjèèjì.