Owó Òkú Jemima Aránṣọ

"Ìyá Jùwọ́n, ṣé ẹ lè bá mi gba owó òkú mi kí n tó kú?"

Ìbéèrè tí Jemima Oyèwálé bi mí nìyí, lẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní Ìkìrun, ní oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni, nítorí aláwàdà ni. Mo wo ojú rẹ̀. Ojú náà wú, ó sì ti ṣá. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ẹni tí kò mọ̀ wá, n ó sọ bí ẹgbẹ́ wa ṣe rí. Obìnrin mẹ́rìnlélógún ni wá, láti Ìkìrun, Inísà àti Òkukù. Ní Àìkú kẹta oṣù kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìsìn, a máa ń pàdé ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkìrun. Olúkúlùkù ló ní àga tirẹ̀, àga onígi tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí lẹ́yìn. Ọláìtán, ọkọ Jemima, tó jẹ́ káfíńtà, ló kan gbogbo wọn. Bí ọ̀kan nínú wa bá kú, ẹgbẹ́ a fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà fún ìsìnkú. Ní ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e, a ó dojú àga rẹ̀ dé. Oṣù mẹ́ta ni àga máa ń wà bẹ́ẹ̀ kí á tó pa orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́, kí á sì fún ẹlòmíràn. Èmi ni mo ń tọ́jú owó náà.

Òkukù ni wọ́n bí Jemima sí. Inísà ló ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ibẹ̀ ló ti rí ọkọ, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé ni iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bí ó bá wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ gígùn ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó na tépù. Ìṣẹ́po tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta ló máa ń fi sílẹ̀ nínú etí ṣòkòtò, kí wọ́n lè tú u bí ọmọ bá ga sí i. Á ní, "Ọmọ méjì ni mò ń rán an fún, èyí tó wà níbí àti èyí tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Owó ẹnì kan ni mo sì ń gbà."

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà lára rẹ̀ tí kò mọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó rò pé ẹ̀rọ tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ló fà á. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìwòsàn ní Òṣogbo, kíndìnrín méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà ni ẹ̀ẹ̀kan, láìka owó ọkọ̀ mọ́ ọn.

Jemima ní, "Títí di ìgbà wo, sà?"

Dókítà náà wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. "Màmá, títí lọ ni."

Wọ́n ta ewúrẹ́. Ọláìtán ta ẹ̀rọ tó fi ń fá pákó. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ni Jemima ní, ó ta méjì. Ìtùnúolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, fi ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, ó ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì kan ní Ìkìrun níbí. Owó náà ń wọlé, ó sì ń gba Òṣogbo lọ. Àárín àwọn nǹkan wọ̀nyí ni Jemima fi wá bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹnu mi lọ. Ó gbé e lọ sí ìpàdé fúnra rẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀dé, olórí wa, yọ dígí ojú rẹ̀.

"Owó òkú kẹ̀? Ta ló kú?"

"Èmi ni, mà. Ẹ má bínú pé n kò tètè sọ fún yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n yára fọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá Bọ́sẹ̀dé ní, "Ẹnu ẹ yìí ni àìsàn kò rí gbé ṣe."

"Òun nìkan ló ṣẹ́kù, mà. Bí wọ́n bá ń ra ẹnu ní Òṣogbo, ǹ bá ti tà á."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Ó ní ọdún mẹ́rìnlá ni òun ti ń dá owó, òkú méje ni òun ti bá wa sin. Ilẹ̀ bàbá wọn kan wà ní Òkukù tí Adépọ̀jù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rí oníbàárà fún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni òun fẹ́ fi dúró de owó ilẹ̀. Ẹnì kan ní kí á yá a lówó, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wa kì í yáni lówó. Owó yíyá ló tú ẹgbẹ́ tí a kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ká.

Ìyá Bọ́sẹ̀dé ní, "Bí a bá fún ẹ, a ó dojú àga ẹ dé o. Bí a ti ń ṣe é fún gbogbo ayé nìyẹn."

"Ẹ dojú rẹ̀ dé, mà. Àga ni, èmi kọ́."

A nawọ́ sókè pé kí á fún un. Èmi náà na tèmi. Kò sí ẹni tó ro ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni owó náà fi tán. Wọn kò tíì ra ilẹ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tí ó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀, ó sì di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n èyí tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni ti Inísà. Ọ̀rọ̀ ti délé ṣáájú rẹ̀ pé wọ́n ti gba owó òkú ìyá aránṣọ, wọ́n ti dojú àga rẹ̀ dé. Obìnrin kan tó ti gbé aṣọ sílẹ̀ padà wá.

"Ìyá Ìtùnú, ẹ má bínú. Bàbá ọmọ ló ní kí n gbà á padà. Ẹ mọ̀ pé aṣọ ọmọdé ni."

Jemima ká aṣọ náà dáadáa, ó fi òwú tó ti rà sílẹ̀ fún un lé e lórí. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ wá sọ nǹkan kan. Kí ilé-ìwé tó wọlé lọ́dún tó ṣáájú, ọgọ́rin aṣọ ló rán. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí oṣù kẹjọ dé ìlàjì, mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Owó tó gbà láti fi ra ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù kẹjọ yẹn náà ni wọ́n ta ilẹ̀ Òkukù. Wọ́n pín in, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ló kan Jemima, ó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀ san gbèsè oògùn. Mò ń bó ẹ̀gúsí nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ wọlé.

"Mo gbé owó ẹgbẹ́ wá, mà."

Ọláìtán dọ̀bálẹ̀. "Ìyá wa, ẹ má gbà á. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n máa fi owó yẹn fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Jemima ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ńkọ́?"

Ọkọ rẹ̀ dìde kúrò nílẹ̀.

"Bí àga mi bá dìde, wọn á gbé aṣọ wá. Ilé-ìwé ń wọlé lóṣù tó ń bọ̀."

"Ta ló máa rán an? Ẹsẹ̀ tó wú báyìí?"

"Ẹsẹ̀ yìí náà ni, Bàbá Ìtùnú. Kò sí òmíràn nílé."

Mo ní kí wọ́n gbé e wá sí ìpàdé. Níbẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀dé ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti ń dá owó òkú padà rí. Mo ní èmi náà kò rí i, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí òfin wa ti ní kí á má gbà á. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Bọ́sẹ̀dé ní kí n kà á. Owó náà pé.

Ọláìtán, tó bá a wá, ló gbé àga náà dìde fúnra rẹ̀. Ó fi fìlà nu eruku ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ àga náà ti ń mì, ó jáde lọ mú òkúta wá, ó fi gbá a wọlé. Jemima jókòó.

"Ìyá Ìtùnú, káàbọ̀," Ìyá Bọ́sẹ̀dé wí.

"Ẹ ṣeun, mà. Ibi tí mo lọ kò bá mi lára mu."

Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìwé rìsíìtì ti tán lọ́wọ́ mi ní Àìkú yẹn. Ní Ọjọ́rú, mo ra tuntun, mo kọ tirẹ̀, mo sì mú aṣọ yunifọ́ọ̀mù ọmọ-ọmọ mi dání, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Inísà. Ó jókòó nídìí ẹ̀rọ. Ó ti tú okùn sálúbàtà rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ kò gbà á mọ́. Ẹrù aṣọ méjì wà lórí tábìlì, tèmi ṣe ìkẹta.

"Ìyá Ìtùnú, òní mà ni Ọjọ́rú."

"Mo mọ̀, mà. Ó di Àbámẹ́ta, bí àwọn tó ni aṣọ wọ̀nyí bá sanwó."

Ó ń mí bí ẹni tó sáré. Mo ní ó yẹ kó sinmi. Kò gbọ́ èyí tí mo wí, rìsíìtì ló ń bèèrè. Mo fún un. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní kí n bá òun fi pínnì kan án mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí oníbàárà ti máa kọ́kọ́ rí i. Mo kàn án mọ́ ibẹ̀. Ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ ni pé Jemima Oyèwálé ti san owó òkú rẹ̀ padà, kò jẹ ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀ kankan.