Ìlù Kẹjọ

Bí ẹ bá gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ Alágbàfọ̀, ẹ má dán an wò láti ní kó yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀. Á gba aṣọ yín, á fọ̀ ọ́, á lọ̀ ọ́ títí á fi máa dán, ṣùgbọ́n rédíò kò ní lọ sílẹ̀. Rọ́ọ̀kì ló fẹ́ràn, kì í sì í ṣe rọ́ọ̀kì ṣákálá. Irú èyí tí orin kan ṣoṣo ń gba odidi ojú àwo ni, tí á bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, tí á sáré, tí á dúró lójijì, tí á tún yà síbòmíràn bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Àwọn oníbàárà rẹ̀ rò pé nǹkan díẹ̀ ń ṣe é. Wọn kò mọ̀ pé obìnrin yìí náà ti jókòó sídìí dùùrù rí níwájú èrò rẹpẹtẹ, àti pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń lu ìlù lẹ́yìn rẹ̀.

Inú yàrá bàbá wọn ni àwọn méjèèjì ti kọ́ orin, nídìí àwo kan ṣoṣo tí bàbá ní. Wọ́n gbọ́ ọ títí wọ́n fi há a sórí. Nígbà tí wọ́n dàgbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, orin tó sọ ẹ̀gbọ́n di ìlúmọ̀ọ́ká ni èyí tí ìlù rẹ̀ ń rìn ní méje-méje dípò mẹ́jọ. Àwọn èèyàn á fẹ́ jó, ẹsẹ̀ á kọ ẹsẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Orí ẹ̀gbọ́n wú, ó sì yẹ kó wú.

Nígbà tó yá, àbúrò bọ́ sínú ẹgbẹ́ mìíràn. Orin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde níbẹ̀, méje-méje ló ń rìn. Alágbàfọ̀ kò dúró béèrè ọ̀rọ̀. Inú gbọ̀ngàn, níṣojú gbogbo èèyàn, ló ti nàka sí i.

"Olè ni ẹ́. O jí iṣẹ́ mi lọ fún àwọn ẹlòmíràn."

Àbúrò wò ó, ó kó igi ìlù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọdún gorí ọdún, ọmọ ìyá kan náà kò kí ara wọn. Ẹgbẹ́ méjèèjì tú ká, ẹ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù, àbúrò ń ṣe káfíńtà.

Ìyàwó àbúrò ló wá lọ́jọ́ kan. "Ìyá wa, etí ọkọ mi kan ti dí pátápátá. Dókítà ní èkejì kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Dùùrù yín ló ní òun fẹ́ gbọ́ kó tó tán."

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ: "Kó kọ́kọ́ wá bẹ̀ mí." Agídí burú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan lọ́wọ́, rédíò ń sọ̀rọ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní kò sí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí kò yá nǹkan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹni kan á yá fèrè, ẹnìkejì á yá bí dùùrù ṣe ń sunkún, gbogbo wọn á sì fojú jọra bí ọmọ bàbá kan. Ó ní kí wọ́n wá gbọ́ àgbà tí ọ̀pọ̀ wọn yá lọ́wọ́ rẹ̀. Ni orin inú àwo bàbá bá dún.

Inú Alágbàfọ̀ dùn. Ó ń fi ìka lu tábìlì bá a lọ. Nígbà tó dé àárín, ó ṣáájú rédíò. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún ṣáájú. "Wọ́n ti ba orin yìí jẹ́," ló kọ́kọ́ wí. Ó wá kà á. Mẹ́jọ ni.

Ìgbà náà ló rántí ibi tí àwo bàbá ti họ. Ní gbogbo ìgbà tí àwo bá yí kan ibẹ̀, abẹ́rẹ́ á fò, á gbé ìlù kan mì. Àwọn ọmọ méjì jókòó tì í, wọ́n rò pé bí orin ṣe rí nìyẹn. Méje tó pè ní ọgbọ́n orí rẹ̀, ara àwo tó họ ló ti wá, etí àbúrò rẹ̀ sì wà níbẹ̀ bíi tirẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kó tó gbọ́ òórùn, ṣẹ́ẹ̀tì olóṣẹ́ẹ̀tì ti jó lápá.

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé dùùrù kékeré rẹ̀, ó di ilé àbúrò. Ó jókòó sápá etí tó ṣì ń gbọ́.

"Àwo Bàbá ló họ," ó sọ ọ́ sókè. "O kò jí nǹkan kan. Mẹ́jọ ni orin yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lórí rédíò ni."

Àbúrò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹgbẹ́ tí mo lọ ní èyí tí kò họ. Ọjọ́ tí ẹ pè mí lólè, mo ti mọ̀."

"O mọ̀, o sì dákẹ́?"

"Gbogbo ayé ló ń yìn yín nítorí méje yẹn. Ṣé kí n wá sọ níwájú èrò pé ara àwo tó họ lẹ ti rí i? Ó sàn kí wọ́n pè mí lólè ju kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín lọ."

Omijé bọ́ lójú Alágbàfọ̀. Ó dùn ún dé egungun, ìfẹ́ àbúrò náà sì kún ọkàn rẹ̀. "Dárí jì mí, ọmọ ìyá mi," ló ń tún wí ṣáá.

"Ẹ tẹ dùùrù fún mi ná," ni àbúrò wí, "ẹ jẹ́ kí n gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n gbé dùùrù lé orí tábìlì. Àbúrò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi tábìlì kó lè mọ̀ bó ṣe ń gbọ̀n. Alágbàfọ̀ rọra bi í pé, "Ṣé méje ni kí n tẹ̀, àbí mẹ́jọ?"

Àbúrò kò gbọ́ ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń lu orúnkún, méje-méje, ẹ̀gbọ́n sì tẹ̀ lé e.