Àga Kejì Lẹ́nu Ọ̀nà Sítọ́ọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fara pamọ́ fún mi nígbà yẹn, kó má kọ̀wé. Èmi ni mò ń tọ́jú fáìlì ní ìjọba ìbílẹ̀ tí mo ti ṣiṣẹ́ lọ́nà Ìkòtún, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ, ọwọ́ mi ló ń gbà kọjá, débi pé mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé oníkálukú bí mo ṣe mọ ohùn ìyá mi. Ìyá mi wà l'Ékìtì. Èmi wà nínú yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, mi ò lọ́kọ, mi ò lọ́rẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ má bi mí ju "fáìlì yẹn dà?" lọ. Bí mo bá fẹ́ jẹun ọ̀sán, mo máa ń ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n má baà rí i pé èmi nìkan ni mò ń jẹun. Agídí ni, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà kó fọ́ọ̀mù kan jáde. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ tẹ́ àwa òṣìṣẹ́ lọ́rùn. Ìbéèrè méjìlá ni, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Kéèyàn ṣáà fàlà sí "ó tẹ́ mi lọ́rùn" tàbí "kò tẹ́ mi lọ́rùn", kó sì kọ ohun tó bá ní í sọ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n ní ká má kọ orúkọ. Èmi ni wọ́n ní kí n pín in, kí n sì gbà á padà.

Dírẹ́bà kan bú sẹ́rìn-ín. "Orúkọ kẹ̀? Àǹtí, ṣé ẹ ò mọ ọwọ́ wa ni? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi tẹ́ mi lọ́rùn o!"

Bí gbogbo wọn ṣe fà á nìyẹn, látòkè délẹ̀. Akọ̀wé tó ń ṣépè fún iṣẹ́ náà láràárọ̀, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èmi náà fa tèmi bẹ́ẹ̀. Irọ́ funfun báláú.

Ẹyọ kan ló yàtọ̀. Ó fàlà sí "kò tẹ́ mi lọ́rùn" lẹ́ẹ̀méjìlá, ó wá fi Yorùbá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀: "Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti wà níbi tí mo wà yìí, kò sẹ́ni tó wọlé wá bá mi àfi tó bá fẹ́ gba nǹkan. Bí mo bá kú síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó di ọjọ́ Ajé kí wọ́n tó rí mi."

Kí n tó kà á tán ni mo ti mọ ọwọ́ náà. Bàbá tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ni, tí sítọ́ọ̀ rẹ̀ fara ti ọ́fíìsì mi. Ògiri kan ló là wá láàárín, mo sì ti rò pé ìgbéraga ni kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Oṣù díẹ̀ ló kù kó fẹ̀yìn tì. Mo sọ fún ara mi pé mò ń gbà á lọ́wọ́ wàhálà ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀gá máa bi mí pé ọwọ́ ta nìyí. Mo mú fọ́ọ̀mù míì, mo fa "ó tẹ́ mi lọ́rùn" sí i látòkè délẹ̀, mo sì ki ti bàbá bọ àpò mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá yọjú sí fèrèsé mi, ohun tí kò ṣe rí.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti ka fọ́ọ̀mù yẹn?"

"Wọ́n ti ń kà á, sà."

Ọjọ́ kejì, mo rí i tó ń gbá sítọ́ọ̀. Ó gbé àga kejì sẹ́nu ọ̀nà, ó nù ún mọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ àga yẹn kọjá, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Èmi náà ò jókòó. Mò ń lọ ti ilẹ̀kùn mi jẹun.

Nígbà tó di ọjọ́ ìpàdé, ọ̀gá àgbà dìde tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Kò sẹ́nì kan ṣoṣo níbí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá ò wo ọ̀gá. Èmi ló ń wò. Ilẹ̀ ni mo tẹjú mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí àga lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, mo mú fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́, mo lọ bá a. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, kí n jẹ́wọ́, kí n sì jókòó tì í, torí Ọlọ́run mọ̀ pé èmi náà nílò ẹni tí màá jókòó tì. Àga kejì wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ti kó páálí ìwé lé e.

Bàbá gbójú sókè, ó fa ìwé ìgbàǹkan rẹ̀ mọ́ra. "Kí lo fẹ́ gbà, ọmọ mi?"

Mo ki fọ́ọ̀mù náà padà bọ àpò mi.

"Báírò méjì, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i, mo sì gba báírò mi.