Ajá Tí Ẹkùn Pa Ní Ìdòfin

Ní ìlú Òsì, lọ́dún tí gbogbo rédíò ń pariwo FESTAC, bí àlejò bá béèrè Susanna, wọn yóò ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Bó bá ní Susanna opó Ìbítóyè, wọn yóò ronú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ní Ìyá Alájá, ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì yóò fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe oríkì ni wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀. Èébú ni, ó kàn pẹ́ lẹ́nu títí ó fi dà bí orúkọ.

Obìnrin tó ń gbin ẹ̀gẹ́, tó ń yan gaàrí, tó ń jókòó sí ibì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀, òun ni Susanna. Wọn kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ìyẹn gan-an ni kò sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun lé e lọ́wọ́, tí ọmọ náà kò sì rẹwà, Susanna á wò ó títí, á ní, "Ọmọ yìí ń mí dáadáa." Ọkọ rẹ̀ ti kú. Bọ́sẹ̀dé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti bá ọkọ lọ sí Kàdúná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lọ sí oko rẹ̀ tó wà níbi tí ilẹ̀ Òsì ti pààlà pẹ̀lú ti Ìdòfin. Ajá pupa kan ló bá nínú koríko lẹ́bàá odò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan wà lẹ́nu tàkúté onírin. Ajá náà ti ké títí ohùn ti tán, ó kàn ń wò ó ni. Susanna wo yíká bóyá yóò rí màrìwò tí ọdẹ gidi máa ń so síbi tó bá dẹ tàkúté sí, kí ọmọ ènìyàn má baà ṣèèṣì kó sí i. Kò sí màrìwò, kò sí ẹ̀ka igi tí wọ́n ṣẹ́ sílẹ̀. Ó ki ẹ̀rú ọkọ́ bọ ẹnu irin náà, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, irin sì là. Ajá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nípa bíbù ú jẹ lápá. Susanna bú u tìyátìyá, lẹ́yìn náà ó tẹ́ ewé sínú agbọ̀n ẹ̀gẹ́, ó gbé ajá sí i, ó gbé e rù. Ó mú tàkúté náà pẹ̀lú èèkàn rẹ̀ dání, nítorí kò fẹ́ kó tún mú ẹlòmíràn. Wọ́n fi irin gbígbóná ya ejò tó ká jọ sára èèkàn náà. Susanna kò kà á sí.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá kí i kú àlejò ni Japhet, àbúrò ọkọ rẹ̀, wòlíì nínú ìjọ Aláàdúrà. Japhet a máa gbọ́ òórùn ẹran kí ẹran tó dórí iná. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó gbé ata àti àlùbọ́sà dání.

"Ìyàwó wa, Ọlọ́run ṣeun," ni Japhet wí. "Ìgbà wo la ó daná?"

"Daná kí ni, ọkọ mi?"

"Ti àlejò tó wà nínú agbọ̀n yìí ni mò ń wí."

"Aláìsàn ni."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè wá. Bó bá fi lè kú fúnra rẹ̀, òkú ẹran kò tọ́ sí onígbàgbọ́."

"Mo rò pé ìjọ yín kì í jẹ ẹran àìmọ́?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni Ẹ̀mí dárúkọ fún wa," ni Japhet fi pẹ̀lẹ́tù dáhùn. "Kò tíì dárúkọ ajá."

Ó fi ata àti àlùbọ́sà náà sílẹ̀ kó má baà máa gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀. Susanna fi wọ́n se ọbẹ̀ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló sọ ajá náà ní Kòkànyín, kí gbogbo àdúgbò lè máa gbọ́ ọ ní òwúrọ̀ bó bá ń pè é wá jẹun.

Ẹsẹ̀ ajá ti ṣẹ́, ó sì ń wú. Sulaiman tó ń to eegun wà ní ilé kejì sí ti Susanna, ẹni tí wọ́n ń gbé aláìsàn wá bá láti Ìlọ́fà. Gbogbo ayé ló mọ bó ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán wá, á ní kí wọ́n mú adìẹ wá, á ṣẹ́ adìẹ náà lẹ́sẹ̀, á máa tọ́jú àwọn méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ tí adìẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni aláìsàn yóò dìde.

"Ìyá Bọ́sẹ̀dé," ni Sulaiman wí nígbà tó gbọ́ ohun tí Susanna bá wá, "bí mo bá fọwọ́ kan ajá yín lónìí, ta ní yóò gbé ọmọ rẹ̀ wá fún mi lọ́la? Àlùwàlá mi ńkọ́?"

"Adìẹ ńkọ́?"

"Adìẹ kò ní wàhálà."

Susanna yí padà sí ilé. Àgbébọ̀ rẹ̀ kan wà tí ọmọ odó já lù lẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó gbé e, ó padà lọ. Sulaiman gba adìẹ, ó wò ó, ó wo Susanna.

"Ta ni aláìsàn tí adìẹ yìí wá fún?"

"Ó wà ní ulé. Kò lè rìn."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ọkùnrin ni."

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Sulaiman rọra fa eegun adìẹ náà bọ̀ sípò, ó fi òrí ra á, ó fi oparun pẹlẹbẹ gbè é, ó fi aṣọ dì í, Susanna sì jókòó tì í, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ohun gbogbo tó rí lára adìẹ ló lọ ṣe lára ajá. Bí Sulaiman bá ti pàdé rẹ̀ lọ́nà ọjà, á béèrè ara aláìsàn. Susanna á ní ó ti ń jẹun. Lọ́jọ́ kan Sulaiman dúró, ó wo ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò, ó ní, "Bí aláìsàn yẹn bá ń fi ẹnu já aṣọ tí ẹ fi dì í, ẹ fi omi ewúro pa aṣọ náà." Hùmúàní ìyàwó rẹ̀ kò sì jẹ́ kí itọ́ ajá sún mọ́ òun rárá, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ọ̀pá gígùn ti orí ẹja gba abẹ́ ọgbà kọjá, á sì máa bú ajá náà títí yóò fi jẹ ẹ́ tán.

Adìẹ ló kọ́kọ́ rìn. Ajá tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ náà wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, Kòkànyín ti ń bá Susanna dé oko, ọ̀bọ kò sì fojú kan ẹ̀gẹ́ rẹ̀ mọ́. Susanna fẹ́ràn ajá náà; kò sídìí tí a ó fi máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Láti ìgbà tí Bọ́sẹ̀dé ti lọ, kò sí ẹ̀dá tó ń dìde nínú ilé bó bá wọlé.

Láàárín àkókò yìí, òkìkí kan ń kàn láti Ìdòfin. Ọdẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Lábọ̀dé. Wọ́n ní ẹkùn kọ lù ú nínú igbó, ajá rẹ̀ bá ẹkùn náà jà, ó sì kú sójú ìjà. Láti ìgbà tí a ti ń ná kọ́bọ̀ oníhò, ẹnikẹ́ni kò rí ipasẹ̀ ẹkùn lágbègbè yẹn mọ́, ṣùgbọ́n ta ní fẹ́ bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ jiyàn? Wọ́n bá a kẹ́dùn. Wọ́n gbé emu lọ bá a. Nígbà tí olórí ọdẹ gbogbo agbègbè náà kú, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, ta ni ìbá tún jẹ ẹ́ bí kò ṣe ẹni tí ẹkùn mọ̀?

Òsì ni ojúbọ Ògún tí wọ́n ti ń jẹ oyè náà. Wọ́n nílò ajá. Japhet ló rán wọn létí pé ajá kan wà nílé ìyàwó àwọn. Kò bá kèfèrí lọ́wọ́ sí i, ó ní. Òun kàn sọ ibi tí ajá wà.

Olóyèdé, àgbà ọdẹ Òsì, fúnra rẹ̀ ló wá. Onísùúrù ènìyàn ni.

"Ìyá Bọ́sẹ̀dé, ẹ rí ajá yìí he ni. Ajá tí a kò bá mọ olówó rẹ̀, ti Ògún ni. Báyìí la ṣe bá a."

"Ṣé kò sí èyí tí Ògún kì í gbà ni, Bàbá?"

"Ó wà. Èyí tí olówó rẹ̀ kò bá yọ̀ǹda. Àti èyí tó bá fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́ ẹranko burúkú nítorí olówó rẹ̀. Akọni nìyẹn, a kì í fi akọni bọ. Ẹ mú un wá lọ́jọ́ náà, kí ẹ mú ohun tí ẹ bá lára rẹ̀ wá pẹ̀lú. A ó béèrè olówó rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn."

Susanna tọ àlùfáà ìjọ rẹ̀ lọ. Àlùfáà ní ajá kò ní ọkàn, àti pé àwọn ọdẹ ló ń bá ìjọ ṣọ́ ẹrù ìkórè lọ́dọọdún. Ó gbàdúrà fún un ní ṣókí.

Lọ́jọ́ oyè, Susanna fi okùn fa ajá lọ. Tàkúté náà àti èèkàn rẹ̀ wà nínú agbọ̀n, ó fi ewé kókò bò wọ́n. Ẹ̀rù ń bà á. Japhet ti wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ó ní òun kàn wá wo bí àwọn kèfèrí ṣe ń ṣe é ni, ṣùgbọ́n iyọ̀ wà nínú àpò rẹ̀.

Lábọ̀dé dìde pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, wọ́n ní kó sọ ìtàn náà. Ó sọ ọ́. Ẹkùn náà ti tóbi ju ti oṣù tó kọjá lọ. Lábọ̀dé fò síwá, ó fò sẹ́yìn, ó dé ibi tí ajá ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ó da omi lójú. "Mo ké pè é," ni Lábọ̀dé wí. "Mo ní, Dúródèmí! Dúródèmí o!"

Okùn já gbà lọ́wọ́ Susanna. Ajá pupa náà tiro gba àárín àwọn ọdẹ kọjá, ó dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀ Lábọ̀dé, ó gbé ikùn sókè, ó ń ju ìrù. Lábọ̀dé fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Susanna ti rí ìdí ìbọn rẹ̀, tí wọ́n fi irin gbígbóná ya ejò tó ká jọ sí.

Gbogbo rẹ̀ wá yé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin yìí gbàgbé ibi tó dẹ tàkúté sí, kò ṣàmì sí i, tàkúté rẹ̀ mú ajá rẹ̀. Ọdẹ tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí, àwọn ọmọdé ni yóò máa fi í kọrin. Nítorí ìtìjú ló ṣe fi ajá náà sílẹ̀ láàyè nínú irin, tó lọ wá ẹkùn. Bí Susanna bá gbé tàkúté jáde, oyè bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n olówó ajá ni Lábọ̀dé yóò ṣì jẹ́, ẹni tí wọ́n bá sì dójú tì báyìí kò ní pẹ́ yọ̀ǹda ajá tó dójú tì í fún Ògún.

"Ajá ta nìyí?" ni Olóyèdé béèrè.

Lábọ̀dé gbé ìbọn láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Susanna rọra fi ẹsẹ̀ sún agbọ̀n síwájú. Ewé kókò yẹ̀ díẹ̀, orí èèkàn yọ sí apá ibi tí Lábọ̀dé nìkan wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Lábọ̀dé," ni obìnrin tí kò purọ́ rí wí, "ṣé ojú eyín ẹkùn kọ́ ló wà lẹ́sẹ̀ ajá yìí?"

Lábọ̀dé wo èèkàn. Ó wo Susanna. "Eyín ẹkùn ni," ló wí. Ohùn rẹ̀ wá gòkè. "Ajá mi ni! Ẹkùn kò rí i pa!"

"Kí ló wà nínú agbọ̀n?" ni Olóyèdé wí.

"Ohun tí mo bá lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni," ni Susanna dáhùn. "Bàbá Lábọ̀dé ni kí ẹ bi bóyá kí n gbé e jáde."

"Ẹ fi í síbẹ̀," ni Lábọ̀dé yára wí. "Ohun tó bá jẹ mọ́ ẹkùn, ojú púpọ̀ kò gbọdọ̀ wò ó."

Olóyèdé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé àpá náà yípo. Ó nàró. "Ẹkùn yìí," ló wí, "eyín rẹ̀ gún régé." Ọdẹ yìnbọn sókè fún akọni, Lábọ̀dé sì kéde pé òun fi akọni náà ṣe àgbàsìn fún Ìyá Bọ́sẹ̀dé títí ayé. Òbúkọ ńlá tó ti dá sí fún àlejò ara rẹ̀ ni wọ́n fi bọ Ògún. Japhet ní wọ́n ti fi òbúkọ náà bọ òrìṣà, kò yẹ kí onígbàgbọ́ fẹnu kàn án, kí wọ́n kúkú bù ú fún òun nínú ewé.

Nígbà tí ìyìn parí, Lábọ̀dé gba ọ̀nà Ìdòfin, kò bojú wẹ̀yìn. Kòkànyín dìde, ó tẹ̀lé e dé etí títì, ó dúró, ó ń wò ó lọ. Ìyẹn dun Susanna ju jíjẹ tí ajá náà bù ú jẹ lọ. Òun ló di ẹsẹ̀ náà, òun ló purọ́ lójú gbogbo ìlú, ẹni tó fi í sílẹ̀ nínú irin ni ojú ajá sì ń wá. Ó fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ tí yóò pè é mọ́. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó jókòó lórí òkúta kan.

Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i pé ó kú oríire akọni. Oòrùn ń rẹlẹ̀. Lábọ̀dé ti pòórá ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà tipẹ́, ajá ṣì ń wo ibẹ̀. Susanna kò pè é, kò sì dìde. Nígbà tó yá, ajá náà yí orí padà, ó rí i pé ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀, ó sì tiro bọ̀.