Ọdún Tí Ìyá Mi Rìn Lẹ́yìn Sìkírá

Òórùn tí mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré ni òórùn aṣọ tútù lábẹ́ irin gbígbóná. Kí àwọn àgbà tó dé láti ìrun àsùbáà ni Sìkírá ti máa ń da èédú sínú irin ìlọṣọ, tí á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí iná á fi ràn. Tó bá wá wọ́n omi sára aṣọ tí ìyá mi rán tán lánàá, tó sì gbé irin lé e, ooru kan á jáde tó ń rùn bí òwú, bí èédú, àti bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Orí ẹní mi nínú yàrá ni mo ti ń gbóòórùn rẹ̀. Ara mi á balẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí pé ara mi kì í sábà balẹ̀ mọ́, mo sì ti ń gbìyànjú láti rántí ìgbà tó máa ń balẹ̀, bóyá mo lè mọ ohun tó ń mú un balẹ̀.

Àdúgbò Djègan-Kpèvi ni à ń gbé, ní Àjàṣẹ́ tó wà nítòsí Kùtọnu, lójú títì gan-an. Iwájú ilé ni ìyá mi ti ń ránṣọ, lábẹ́ àtíbàbà onípáànù tí bàbá mi fi òpó igi ró. Awakọ̀ tó ń ná Èkó ni bàbá mi, ìwọ̀nba ọjọ́ la fi ń rí i. Nítorí náà, àtíbàbà yẹn ló dà bíi bàbá ilé fún mi. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ wà, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn arúgbó àdúgbò ti ń sá fún oòrùn, abẹ́ rẹ̀ ni èdè Nàgó tiwa àti Gùn àti Faransé tó ṣẹ́ lápá ti ń pàdé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ti ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Mo ti sùn níbẹ̀.

Ọmọ ìlú Adjarra ni Sìkírá. Òun ni ọmọ-iṣẹ́ tó dàgbà jù lọ́dọ̀ ìyá mi, ó sì ti wà nílé wa kí n tó mọ̀ ọ́n rìn. Patíróònù ló ń pe ìyá mi, bí gbogbo ọmọ-iṣẹ́ ìlú wa ṣe ń pe ọ̀gá wọn. Ibikíbi tí ìyá mi bá ń lọ, Sìkírá á gbé báàgì aṣọ, á sì tẹ̀ lé e. Kì í rìn níwájú rẹ̀, kì í sì í rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí ìyá mi bá dúró kí ènìyàn, Sìkírá náà á dúró sẹ́yìn, á máa wo ilẹ̀. Ìyá mi máa ń wí pé: "Ẹ̀yìn ọ̀gá ni a ti ń mọ ọ̀nà." Mo bi Sìkírá lọ́jọ́ kan bóyá kò rẹ̀ ẹ́ láti máa wo ẹ̀yìn ènìyàn kan ṣoṣo. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá tú mi sílẹ̀, ìwọ náà á wo ibi tí mo máa gbà."

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ ohun tí ìtúsílẹ̀ ọmọ-iṣẹ́ jẹ́ nígbà náà, tí àwọn kan ń pè ní líbérásíọ́ọ̀nù. Aṣọ funfun, ìkúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá, àtíkè lọ́rùn, àlùmọ́gàjí tuntun lọ́wọ́, àdúrà, oúnjẹ. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, níbi tí ọmọ náà ti kọ́ṣẹ́, kí gbogbo ẹni tó ti rí i tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ lè rí i tó ń jáde. Ìdí kan wà fún èyí. Ẹni tí a kò rí ìtúsílẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní ó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá ni. Kò sí ẹni tí yóò gbé aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó sá.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, wọ́n ti mú ọjọ́ ìtúsílẹ̀ Sìkírá. Ọdún náà gan-an ni nǹkan púpọ̀ yí padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ò mọ̀ pé ó ń yí. Ìjọba tuntun ti wà lórí àga. Náírà já wálẹ̀, àwọn oníbàárà wa láti òdì kejì ẹnubodè sì dín kù. Ìyá mi á tẹ́ aṣọ wọn tí wọn kò wá gbà sórí okùn, á tún ká a. Rédíò ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ títì gbọ́dọ̀ ṣófo ní gbogbo ìlú ńlá, pé ilẹ̀ gbogbo ènìyàn kì í ṣe ilẹ̀ ẹnì kan. Olùkọ́ wa, tí à ń pè ní Mẹ́tírù, kọ ọ́ sójú pátákó ní kíláàsì pé ìlú tó mọ́ ni ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ là. Mo dà á kọ pẹ̀lú ọwọ́ tó dára. Ìlú mìíràn ni mo rò pé ó ń sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọmọkùnrin méjì wá láti mẹ̀rí, ilé ìjọba ìlú, pẹ̀lú ike ọ̀dà pupa. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, nìkan ló wà níwájú ilé. Wọ́n sọ Faransé fún un. Ìyá Àgbà kò gbọ́ Faransé ju 'bẹ́ẹ̀ ni' àti 'ẹ ṣé' lọ, ó sì dá wọn lóhùn pé, "Wì, wì, mẹ̀sí." Wọ́n fi ọ̀dà fa àgbélébùú pupa sára òpó àtíbàbà wa. Ìyá Àgbà fún wọn lómi tútù, ó sì gbàdúrà fún wọn.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣẹ̀sín. Ní àdúgbò wa, tí ìjọba bá fẹ́ pín àwọ̀n ẹ̀fọn tàbí tí wọ́n bá fẹ́ kán oògùn rọmọlápárọsẹ̀ sí àwọn ọmọdé lẹ́nu, wọ́n máa ń fi ẹfun sàmì sára ilẹ̀kùn. Ilé tí a bá sàmì sí ni nǹkan ń dé. Ìyá Àgbà wá rò ó pé, tí ẹfun bá mú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan wá, kí ni ọ̀dà á mú wá? Ó wá ọ̀rá kan, ó dè é mọ́ òpó náà kí òjò má baà fọ àmì wa. Bàbá Ràímì tó ń lẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ wa, inú ọgbà rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, wọn kò sì sàmì kankan sí tirẹ̀. Ó wá bá a pẹ̀lú ìbínú díẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ ṣe fún wọn tí wọ́n fi sàmì sí tiyín?"

"Omi ni mo fún wọn mu."

"Àwa náà lómi nílé."

"Tiyín kì í tutù," ni Ìyá Àgbà wí.

Nígbà tí ìyá mi dé láti ọjà, ó wo àmì náà, ó wo Bàbá Ràímì, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ìyàwó kì í já ìyá ọkọ rẹ̀ nírọ́ lójú ará àdúgbò. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn kì í ṣe ìtẹríba nìkan. Bí mo ṣe mọ ara mi báyìí, tí mo mọ bí mo ṣe ń fi ọjọ́ méjì dúró kí n tó ṣí èsì ìdánwò, mo rò pé òun náà fẹ́ kí ó jẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Ọkọ̀ mẹ̀rí wá ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé kí àwọn tí a fa àmì pupa fún tú àtíbàbà wọn fúnra wọn. Ìyá Àgbà ní àwọn tí kò lómi tútù ni wọ́n ń bá wí. Ìyá mi ní òun á dúró de bàbá mi kí ó wá tú páànù. Bàbá mi kò tètè dé.

Ilé ẹ̀kọ́ ni mo wà nígbà tí kàtàpílà dé. Sìkírá ló gbé gbogbo ẹ̀rọ wọ inú ọgbà, ìkọ̀ọ̀kan, lórí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo padà dé kì í ṣe òpó tó ṣẹ́. Oòrùn ni mo rí. Ó ti wọ inú yàrá wa títí dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ibi tí kò dé rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Mi ò sunkún. Ó yà mí lẹ́nu pé ilé wa léruku tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn nìkan ni mo rò. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí di ìrọ̀lẹ́. Ó wá ní, "Ẹ bá mi bi wọ́n, àwọ̀n wọn dà?"

Ìyá Sìkírá dé láti Adjarra lọ́jọ́ kejì. Ẹja ló ń tà, ohùn rẹ̀ sì máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ó dúró sórí ilẹ̀ tó ṣófo náà, ó yí ká.

"Níbo ni ọmọ mi máa kúnlẹ̀ sí?"

Ìyá mi ní inú ọgbà wà.

"Inú ọgbà? Kí wọ́n tú ọmọ mi sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ bí ẹni tó jalè? Patíróònù, ó sìn yín dáadáa. Ta ló máa rí i? Adìyẹ?"

Sìkírá wà lẹ́yìn ìyá mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń gbá ilẹ̀ tí kò ní òrùlé mọ́. Èmi mọ̀ ọ́n lẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé ẹ̀rù ń bà á, ó sì ya èmi náà lẹ́nu pé ẹ̀rù lè ba àgbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi mú mi lọ sí mẹ̀rí nítorí Faransé mi. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin kan lẹ́yìn tábìlì: ṣé a lè ta àtíbàbà aṣọ síwájú ilé fún ọjọ́ kan péré? Ó ní rárá. Ṣé a lè to àga nìkan? Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ to nǹkan síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Ìyá mi ronú díẹ̀, ó ní, "Bi í bóyá a lè rìn níbẹ̀."

Kí n tó la ẹnu, ọkùnrin náà fi Nàgó tó mọ́ kedere dáhùn. "Màmá, títì ni. Kí lẹ rò pé wọ́n ń fi ṣe?"

Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìtúsílẹ̀, inú ọgbà ni Sìkírá ti kúnlẹ̀ ní tòótọ́, lẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an. Ìyá mi fọ́n àtíkè sí i lọ́rùn àti lójú, ó gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, ó fi téèpù ìwọ̀nṣọ kọ́ ọ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ-iṣẹ́ tó kù gbé ẹ̀rọ tuntun Sìkírá rù. Àdúgbò Tokpota la ń lọ, níbi tó ti rí yàrá tó máa fi ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Sìkírá dé ẹnu ọ̀nà, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń dúró de ìyá mi kí ó kọjá, bó ṣe máa ń dúró.

Ìyá mi ní, "Rìn lọ."

Ó gbé ẹsẹ̀ mélòó kan, ó tún dúró, ó bojú wẹ̀yìn. Ìyá mi gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kọ́ èjìká ara rẹ̀. "Mo ní kí o rìn lọ."

Báyìí ni a ṣe rìn, Sìkírá níwájú, tó funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ìyá mi lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì. Bàbá Ràímì pariwo láti ẹnu ọgbà rẹ̀ pé, "Patíróònù, ẹ ti di ọmọ-iṣẹ́." Ìyá mi ní, "Ẹ wá gbà mí." Àwọn aránṣọ tí wọ́n ti wó àtíbàbà tiwọn náà jáde láti inú ọgbà wọn, wọ́n ń fọ́n àtíkè sí Sìkírá bó ṣe ń kọjá, àwọn kan sì tẹ̀ lé wa. Àwọn ọlọ́kadà fọn fèrè. Ọkùnrin mẹ̀rí kan gun alùpùpù wá, ó dín eré kù, ó ń wò wá. Mo ti ń tún Faransé tí mo máa sọ fún un tò lọ́kàn. Ìyá mi sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ má dúró o. Ìrìn la gbà." A kò dúró. Ó kọjá lọ. Ìyá Sìkírá tó ti ń fajú ro láti Djègan-Kpèvi bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó rí ọmọ òun sókè, bí ẹni tó ń ka ẹlẹ́rìí. Kí a tó dé Tokpota, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni ìtúsílẹ̀ bíi ti àtijọ́ di ohun tí a kì í ṣe mọ́. Ìdánwò ìjọba ni àwọn ọmọ-iṣẹ́ ń ṣe báyìí kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí, àwọn ọmọ-iṣẹ́ Sìkírá náà ń ṣe é, ó sì ní ó dára, nítorí pé kò sí ọ̀gá tó lè dá ọmọ dúró mọ́ láìnídìí. Mi ò mọ̀ bóyá mo gbà. Títì wa ti gún régé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú yàrá ni ìyá mi ti ń ránṣọ. Èmi ti jáde fásitì, ojú fèrèsé kékeré kan ni mo ti gba ìwé ẹ̀rí mi, ẹni tó fún mi sì ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ṣe mí bíi pé mi ò tíì parí nǹkan kan. Mo ti ṣàlàyé ìmọ̀lára yìí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi títí ó fi sú wọn. Mo rò pé ohun tí mo ń wá ni pé kí ẹnì kan sọ fún mi pé ó ti tó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní Kùtọnu. Ìyá mi sìn mí lọ wọ ọ̀kadà. Ọkàn mi wà lórí àwọn ìbéèrè tí wọ́n lè bi mí, mo ń dá ara mi lóhùn lábẹ́nu. Níbi tí òpó wa wà nígbà kan ni mo ti ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mi. Mo yíjú padà. Ó wà lẹ́yìn mi, ó fi báàgì mi kọ́ èjìká. Mo rò pé orúnkún ló ń dùn ún, mo sì dúró dè é.

Ó ní, "Rìn lọ."

Mo rìn lọ. Mo ti wà lórí ọ̀kadà, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ní Àjàṣẹ́, kí ó tó yé mi pé ó ti tú mi sílẹ̀. Ọmọ kékeré tí mo jẹ́, tó tẹ̀ lé wọn dé Tokpota lọ́jọ́ yẹn, ì bá ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀.